Ẹni Tó Wọlé Ló Ń Kí Ará Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gé kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú bí kóró iṣin, títí tó fi funfun báyìí. Ìsọ̀ kan náà la jọ ń lò. Òun wà nínú lọ́hùn-ún nídìí iná mànàmáná nítorí ẹ̀rọ rẹ̀, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń tún báàgì àti síìpù ṣe. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ làdúgbò ń pè é, èmi ni Àǹtí Síìpù. Orúkọ tí àwọn òbí wa sọ wá wà nílé, a kì í gbé e wá síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá gé e tán, yóò kó ti àtijọ́ àti tuntun lé ọ lọ́wọ́ pọ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ, yóò mú òòlù, yóò lù ú títí tí kò fi ní jọ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kì í sì í béèrè ilẹ̀kùn tí o fẹ́ fi ṣí. Nígbà kan, obìnrin kan gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ó fẹ́ máa ṣàlàyé pé àpótí ọkọ òun ni, ọkọ òun ò sì mọ̀ pé òun mú un. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, etí mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, ó ní iná ti lọ. Iná ò lọ o. Gílóòbù ń tàn lórí gbogbo wa níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe ohun tó yàtọ̀ sí èyí, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló sì ṣe é fún.

Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó ṣì kéré, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, tó di nọ́ọ̀sì, ó ra àgádágodo kan, ó fi ti yàrá rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fẹ́ kí yàrá òun jẹ́ ti òun ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń rí i pé ojú ọmọ máa ń wú láàárọ̀ bí ojú ẹni tó sunkún sùn, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Àgádágodo wo ló sì le fún ọkùnrin yẹn? Ó gé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó wọlé nígbà tí ọmọ wà níbi iṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀: ó gbálẹ̀, ó ká aṣọ, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sọ fún mi, olè wo ló ń gbálẹ̀?

Ọmọ dé, ó rí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ rẹ́gí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó ní, "Bàbá mi, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ máa ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tèmi nìkan ni kò já mọ́ nǹkan kan lójú yín." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, à bá rí ibi tí a ó ti bẹ̀ ẹ́. Ó gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú kékeré kan tó wà lẹ́yìn òkè, ó sì kó lọ. Tí mo bá pè é, á gbé e, á bá mi sọ̀rọ̀, á bá mi rẹ́rìn-ín. Tí bàbá rẹ̀ bá pè, fóònù á kàn máa dún títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó ti pé ọdún mélòó kan tó ti ń dún bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó yẹ kó máa bá sọ ọ́ ò sí, èmi ló wá ń sọ gbogbo rẹ̀ fún. Mò ń rán síìpù, ó ń sọ ìdí tí ilẹ̀kùn onígi fi máa ń wú lásìkò òjò. Mò ń jẹun, ó ń sọ ìtàn ọ̀gá kan tó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fóònù, ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe kọ gbogbo ìtàn yìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí Àǹtí lè rójú sinmi?" Mo gbè é lẹ́sẹ̀ kíákíá. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe di oníbúlọ́ọ̀gù nìyẹn. Ó sọ búlọ́ọ̀gù náà ní Ilẹ̀kùn, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Mi ò fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n kọ. Ó kọ̀wé nípa bí èèyàn ṣe lè fi etí mọ̀ pé inú àgádágodo ti dípẹtà. Ó kọ̀wé nípa àwọn tó ń ra àgádágodo ńlá fún ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ tán. Àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe àwọn ẹlòmíràn wá kà á.

Ohun méjì ni Dókítà Fóònù so mọ́ búlọ́ọ̀gù yìí, àwọn méjèèjì ló sì kó wa sí wàhálà. Àkọ́kọ́ ni ibi tí òǹkàwé ti lè fèsì. Kó o tó lè fèsì, wàá kọ orúkọ rẹ, ímeèlì rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ, àfi bíi pé o fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ìkejì ni ẹ̀rọ kan tó fara pa mọ́ sẹ́yìn, tó ń ka gbogbo ẹni tó bá wọlé. Kì í kàn ka iye wọn o. Ó ń sọ ìlú tí wọ́n wà, ilé iṣẹ́ tó bá ni íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò, irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn, ojú ewé tí wọ́n ṣí, àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè é ní Aṣọ́nà. Èmi pè é ní Amí.

Ẹ̀gbọ́n mi yó nínú ọ̀rọ̀ Aṣọ́nà yìí. Tó bá ti gé kọ́kọ́rọ́ kan tán, yóò ju ojú sí fóònù. "Ẹnì kan wọlé láti ìlú etíkun. Ẹnì kan wọlé láti òkè òkun, ìwọ, òkè òkun!" Ìgbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Ó ní, "Ó burú o. Àlejò ń wọlé, mò ń rí wọn, mo sì dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà pé àwa nìkan la lè ṣe irú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Nísàlẹ̀ gbogbo ohun tó bá kọ, ó kí àwọn àlejò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé láti etíkun pẹ̀lú fóònù kékeré yẹn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ojú lílò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn ilé ìwẹ̀ dé ìdajì tẹ́ ẹ wá jáde, ṣé kò sí nǹkan o?" Ọkàn rẹ̀ mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó rò pé òun ń ṣe ọmọlúwàbí ni.

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹnì kan fèsì, ó béèrè bó ṣe mọ irú fóònù tí òun ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ayọ̀ dá a lóhùn pé, "Aṣọ́nà mi ló sọ fún mi." Ẹni náà ò wọlé mọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin kan já wọ ìsọ̀ wa, ó fajú ro. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kí i lórí búlọ́ọ̀gù, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Ilẹ̀kùn láti ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, láàárọ̀ títí dọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń kí mi fún? Ọ̀gá mi náà ń kà yín."

Mo bo ẹnu mi mọ́ inú báàgì tí mò ń rán. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́, ó sì yọ ìkíni náà kúrò, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ tán, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ ká kí èèyàn ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń kí wọn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀ ń sọ fún wọn pé ẹ̀ ń yọjú wò wọ́n."

Kò gbọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́ yíwọ́ gan-an ni Aṣọ́nà fi ìlú kan hàn án tí kò fi hàn án rí. Ìlú kékeré yẹn ni, èyí tó wà lẹ́yìn òkè.

Ọjọ́ tó rí i, kò pariwo. Ó gbé fóònù wá síwájú mi. Ẹnì kan láti ìlú yẹn wọlé, ó sì kọjá gbogbo ìtàn yòókù, ó lọ tààrà síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀wé nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa. Ilẹ̀kùn ògbólógbòó ni, tó bá ti wú, kì í ṣí àfi téèyàn bá rọra gbé e sókè lápá ibì kan. Ẹni náà pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, ibẹ̀ náà ló tún lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òun ni."

Èmi náà mọ̀ pé òun ni. Ta ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa kàn nílùú yẹn? Láti ọjọ́ tó ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú fóònù. Tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, bóyá lọ́jọ́ kan á gbé ìpè rẹ̀. Tí wọ́n bá sì dẹ́rù bà á, ó tán nìyẹn. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i o."

Ó ní, "Ọmọ mi wọlé, kí n má kí i?"

Mo ní, "Ẹni tó wọlé ló ń kí ará ilé. Òun ló máa kọ́kọ́ ní ẹ kú ilé, ẹ̀yin á wá ní káàbọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ọmọ yìí ò tíì sọ pé òun wọlé. Ẹ̀yìn fèrèsé ló dúró sí, ó kàn ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀."

Ó mi orí. Mo rò pé ó ti gbọ́. Àṣé orí lásán ló mì. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì tí mo ṣí fóònù, mo bá a nísàlẹ̀ ìtàn tuntun, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Ọmọ mi tó wà lẹ́yìn òkè, mo rí ọ. O pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, o sì tún padà wá kà á. Káàbọ̀, ọmọ mi."

Mi ò tíì bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ wọlé sórí fóònù mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé mo ti rí i. Wọ́n tún ti gé kọ́kọ́rọ́ míì."

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò yọ iyọ̀ kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò rí i kó pa ẹ̀rọ nígbà tí iná wà rí. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Nígbà yẹn, mo rò pé tí mo bá gbálẹ̀, kò ní dùn ún. Èyí náà, mo rò pé tí mo bá kí i, kò ní dùn ún." Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní kó dìde, kó lọ ṣe ohun tó yẹ kó ṣe.

A jọ lọ bá Dókítà Fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó yọ Aṣọ́nà kúrò.

Dókítà Fóònù ní, "Bàbá, tá a bá yọ ọ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ń kà yín. Ó lè jẹ́ ògiri lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀."

"Ilẹ̀kùn ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, kò pa mí."

Wọ́n ṣe é títí, wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Wọ́n fi iye kan ṣoṣo sílẹ̀, iye gbogbo àwọn tó wọlé lóṣù, láìsí ìlú, láìsí ilé iṣẹ́, láìsí fóònù, láìsí ojú ewé tí wọ́n ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kó ka orí, kó má wo ojú." Níbi èsì, wọ́n yọ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ lè kọ ìnagijẹ, ẹni tí kò bá fẹ́ kọ nǹkan kan, kó má kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló máa kọ́kọ́ ka èsì kó tó jáde, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n á ti bú èèyàn ni wọ́n ń wá kiri.

Dókítà Fóònù wá béèrè pé, "Gbogbo èyí tó ti kó jọ látẹ̀yìn wá ńkọ́?"

"Pa á rẹ́."

"Títí kan ti ẹ̀yìn òkè yẹn?"

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣí ibẹ̀ wò tí mo bá yíjú, pé ìyẹn nìkan lohun tó ní tó fi hàn án pé ọmọ rẹ̀ rántí ilé. Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ pa."

Lọ́jọ́ yẹn ó kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù. Ó sọ ohun tó ti ń rí nípa àwọn òǹkàwé rẹ̀, ó sọ pé òun ti dà á nù, ó sì bẹ̀ wọ́n. Kò dárúkọ ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yín ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ jáde nígbà tó bá wù yín. Ẹni tó bá kí mi ni màá kí."

Ẹ wò ó, ọ̀tọ̀ ni ká ṣe rere, ọ̀tọ̀ ni ká rí ara gbà á. Ojú ń kán ẹ̀gbọ́n mi bí ojú aboyún tó ti kọjá oṣù rẹ̀. Á gé kọ́kọ́rọ́ kan, á ní, "Ṣé o rò pé ó ti kà á?" Mo ní, "Èmi kọ́ ni Amí." Ọmọ ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, a ń sọ̀rọ̀ bàtà. Ẹnu ń yún mi bí ẹni tó jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n mi ò bi í. Tí mo bá bi í, èmi náà ti di ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn nǹkan.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí èsì kan tó dé, láìsí orúkọ, lábẹ́ ìtàn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá òsì lèèyàn gbọ́dọ̀ ti gbé ilẹ̀kùn náà sókè kó tó ṣí. Èsì náà ní, "Apá ọ̀tún ni. Ẹ̀yin ń ṣí i látinú ilé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òsì fún yín. Ẹni tó bá ti ìta dé, tó pẹ́ níta, tí kò fẹ́ jí ará ilé, apá ọ̀tún ló máa ń gbé e."

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé tó bá ti pẹ́ níta. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó gbé e fún mi, mo kà á. Dókítà Fóònù tó ti na ọrùn láti ìsọ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó. Mo mọ ọgbọ́n tí màá ta tí màá fi mọ ibi tí èsì yẹn ti wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ẹni yẹn sọ ibi tó wà?"

"Rárá o."

"Ṣé ó sọ orúkọ rẹ̀?"

"Kò sọ ọ́."

"Etí mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó jẹ́ kí èsì náà jáde, ó sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá oníbàárà lóhùn: "Ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ, mo ti tún un ṣe." Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sínú àpótí, ó ti àpótí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí tó bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn. Oníbàárà kan jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì, mo rò pé iná ló lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá, ó na fóònù sí mi bí ẹni tó ní kí n bá òun ka lẹ́tà. Èsì tuntun ni, kò ní orúkọ.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó kí mi."

Mo ní, "Mo rí i. Ẹ ò ní dá ọmọ lóhùn ni?"

Ó lọ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ títí, mo rò pé ìwé ńlá ló ń kọ, mo ti ń múra bí màá ṣe gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi hàn mí, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: "Káàbọ̀."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n omi ti bo ojú rẹ̀, ó ba kọ́kọ́rọ́ oníbàárà náà jẹ́. Ó mú òòlù, ó lù ú títí tí kò fi jọ kọ́kọ́rọ́ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.